Àgbàtọ́ ní ìlú òyìnbó: kí ni wọ́n ń pè ní “farming”?

Ọ̀rọ̀ òní ni “farming”. Kì í ṣe iṣẹ́ oko o! Bí àwọn òbí láti Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ṣe ń gbé ọmọ fún òyìnbó tọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Láti àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ tọkọtìyàwó lọ kàwé ní London. Ilé-ìwé lọ́sàn-án, iṣẹ́ lálẹ́, kò sí ìyá àgbà tó máa pọn ọmọ. Ni wọ́n bá ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Wọ́n ń sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò la ilé ẹjọ́ lọ. Ọmọ ṣì jẹ́ tiwọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì bú wọn. Nílé wa, ọmọ lè gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí tíṣà, kò sẹ́ni tó máa ní wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàtọ́ ilé gbọ́ èdè ọmọ, ó sì mọ ilé bàbá rẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ kò lè ra ìyẹn.

Ẹ wo Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré inú Lost. Wọ́n bí i ní London ní 1967. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury. Nígbà tí wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà, kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n dá a padà. Ló bá wọ ẹgbẹ́ skinhead, àwọn ọmọ ìta òyìnbó tó ń lu aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Ó padà kàwé òfin, ó sì fi ìtàn náà ṣe fíìmù, Farming, ní 2018.

Lónìí, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1989 ní kí alágbàtọ́ tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ bí ọmọ bá máa lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ ìgbà yẹn ti dàgbà, àwọn kan sì ń wá ẹbí wọn. Bí àjèjì kan tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé yín bá kọ̀wé sí yín lórí Facebook, ẹ má sáré pè é ní Yahoo. Ẹ má fowó ránṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ béèrè orúkọ bàbá rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá àgbà ilé. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni.