Irin Tí Ń Gbé Iwájú Challenger

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: ẹni tí ó bá ní Dodge Challenger ọdún 1970, àràbà ọkọ̀ tí ń bú bí ààrá, tí ó sì ń wá torsion bar, irin gbọọrọ tí ń lọ́ nígbà tí táyà bá gun gegele, èyí tí Chrysler fi rọ́pò sípíríǹgì iwájú láti 1957, kí ó kọ́kọ́ wo bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti wúwo tó kí ó tó yan ìnípọn irin náà. Bí gígùn bá dọ́gba, oníínṣì 1 fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin le ju oníínṣì 0.87 lọ, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀ wọn! Ẹni tí ń sáré wọ kọ́nà ni kí ó ra èyí tí ó nípọn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí ó tó o í kápá. Lójú tèmi, fàájì kò nílò rẹ̀. Irin tọ̀tún kò ṣeé fi sósì. Bóòtù tí a fi ń lọ́ irin náà kàn ń gbé ọkọ̀ sókè sódò ni, kò lè sọ irin rírọ̀ di líle.