Sìgá mímu ní Accra: ohun tó yẹ kí àlejò láti Nàìjíríà mọ̀

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń wọlé bọ̀, ọ̀nà Accra a máa kún. Àwọn kan á wọ bàálù ní Ìkẹjà, àwọn mìíràn á gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu, wọ́n á la Lomé já, wọ́n á sì gba Aflao wọ Ghana. Láti ọdún 2019, tí ìjọba Ghana pe àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lẹ́yìn odi pé kí wọ́n padà wá sílé, ni fàájì òpin ọdún ìlú náà ti gbèrú sí i. Àwọn tó ń mu sìgá lára àwọn àlejò yìí kì í sábà béèrè òfin kankan kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n gbà pé bó ṣe rí l'Ékòó náà ló máa rí níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣi àlejò lọ́nà jù ni pé àwọn ará ibẹ̀ kì í pariwo. Bí ẹ bá ṣáná sí sìgá nídìí oúnjẹ ní àdúgbò Osu, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má bá yín wí. Ẹni tó jókòó nítòsí yín á rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ á dìde bọ́ síta. Ọ̀dọ́ tó ń gbé oúnjẹ fún yín á dúró lókèèrè títí ẹ ó fi mu ún tán. Ẹ má rò pé wọ́n gbà fún yín o. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àlejò ni, inú wọn kò sì dùn sí i rárá.

Òfin wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Lọ́dún 2012 ni Ghana ṣe Òfin Ìlera Aráàlú, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 851, tí wọ́n sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ tábà sí apá kẹfà rẹ̀. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu tábà nínú ibi iṣẹ́ tó ní òrùlé lórí tàbí níbi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, àfi níbi tí wọ́n bá dìídì yà sọ́tọ̀ fún un. Kò tán síbẹ̀. Ẹni tó bá mú sìgá tó ń jó dání pàápàá ti rú òfin, kódà bí kò fi kan ẹnu. Àwíjàre pé "mi ò fà á, mo kàn mú un lọ́wọ́ ni" kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún 2016 ni wọ́n tún gbé ìlànà jáde tó ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe máa lo òfin náà. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana, ìyẹn FDA, ló ń rí sí i.

Nítorí náà, ilé oúnjẹ, ilé ọtí, òtẹ́ẹ̀lì, ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti pápákọ̀ òfúrufú Accra kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn ń ṣáná sí sìgá bó ṣe wù ú. Ọkọ̀ èrò náà ńkọ́? Kò tilẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè. Nínú trotro, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré wọn, tí èrò há mọ́ra wọn, tí ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè sọ̀ kalẹ̀ àfi bí àwọn tó wà níwájú bá kọ́kọ́ dìde, ta ló máa sá fún èéfín níbẹ̀?

Ohun kan tún wà tí àwọn àlejò kì í mọ̀: òfin di ẹrù ru ẹni tó ni ibẹ̀ náà. Òun ló gbọdọ̀ lẹ àmì mọ́ ara ògiri, òun náà ló gbọdọ̀ sọ fún ẹni tó ń mu ún pé kó dáwọ́ dúró. Bí máníjà bá wá bá yín ní jẹ́jẹ́ pé, "Please, not here," kì í ṣe pé ó fẹ́ tàbùkù yín. Ọrùn tirẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Ilé tiwa náà ní irú òfin yìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2014, ti ìjọba àpapọ̀ sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2015. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Accra, àṣà ti ṣáájú òfin. Àwọn tó ń mu sìgá kò pọ̀ ní Ghana rárá. Lọ́dún 2009, olùwádìí Ellis Owusu-Dabo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní agbègbè Ashanti jáde. Ìdá 3.8 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi léèrè ló ń mu sìgá. Láàárín àwọn ọkùnrin, ó jẹ́ 8.9. Láàárín àwọn obìnrin, kò ju 0.3 lọ. Bí ẹ bá ṣáná sí sìgá láàárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ojú gbogbo wọn ló máa yí sí yín, bí wọn kò tiẹ̀ la ẹnu.

Báwo ló ṣe wá rí bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó ní ilé iṣẹ́ sìgá tirẹ̀ nígbà kan? Ó ti tó ogójì ọdún tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1982, lábẹ́ PNDC, ìjọba ológun ti Jerry Rawlings, wọ́n pàṣẹ pé kí ìpolówó sìgá dáwọ́ dúró lórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó lówó jù wọ́n lọ kò tíì ṣe irú rẹ̀ tán nígbà yẹn. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn àṣẹ náà dàgbà láìsí ẹni tó ń fi ẹlẹ́ṣin tàbí agbábọ́ọ̀lù tó ń mu sìgá hàn wọ́n pé ayé ń jẹ́ nìyẹn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2004, Ghana fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí tábà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe agbátẹrù rẹ̀, ó sì wà lára ogójì orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó mú kí àdéhùn náà fìdí múlẹ̀. Lọ́dún 2006, British American Tobacco ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Takoradi pa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an nìyí. Ilé iṣẹ́ kan náà ti ṣí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìbàdàn lọ́dún 2003, láti ìgbà náà ni sìgá ti ń ti Ìbàdàn lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ará Ghana ti bọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀yìnkùlé wa ló wá dúró sí. Èmi kò lè pe ìyẹn ní ìlọsíwájú.

Ní ti ìwà ọmọlúàbí, ohun tí ẹ ti mọ̀ nílé kò ní jẹ́ tuntun níbẹ̀. Bí ẹ kò bá lè mu sìgá níwájú bàbá yín, ẹ má mu ún níwájú bàbá oníbàbá ní àdúgbò Jamestown. Ààfin ọba, ilé olókùú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ jìnnà sí wọn kí ẹ tó yọ páálí sìgá jáde. Ní Nima àti àwọn àdúgbò Zongo yòókù, tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá náà sì ti ń gbé láti ìran dé ìran, ẹ má mu sìgá ní gbangba lójú ọ̀sán nínú oṣù Ramadan. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ máa fi gba nǹkan, òun náà ni kí ẹ máa fi fún ni, ìbáà jẹ́ ìṣáná lásán. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń mu ún, "please" ló máa ń ṣíwájú gbolóhùn wọn níbẹ̀. Obìnrin tó ń mu sìgá á rí ìwò tó le ju ti ọkùnrin lọ. Kò tọ́ lójú tèmi, torí ẹ̀dọ̀fóró kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹni tó ń lọ ti mọ̀.

Ṣíṣà ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ní fọwọ́ kan sìgá láéláé ló máa jókòó ti ìkòkò ṣíṣà fún wákàtí kan ní ilé ìgbafẹ́ alẹ́, nítorí adùn èso tó wà nínú rẹ̀ àti omi tó ń hó nísàlẹ̀. Wọ́n gbà pé omi yẹn ń fọ èéfín mọ́. Omi kàn ń mú kí èéfín náà tutù ni, kó lè rọrùn láti fà wọlé jinlẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ń gba WHO nímọ̀ràn ti ṣàlàyé pé èéfín tí èèyàn lè fà láàárín wákàtí kan nídìí ṣíṣà lè tó ìlọ́po 100 sí 200 èyí tó wà nínú sìgá kan ṣoṣo. Tábà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ṣíṣà, òfin tábà ló sì dè é ní Ghana. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tiẹ̀ ti pàṣẹ pé àwọn kò fẹ́ ẹ rárá: Gambia fòfin dè é lọ́dún 2014, Tanzania ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016, Rwanda àti Kenya sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2017.

Ẹ wo ọmọkùnrin tó ń gbé ìkòkò náà kiri. Òun ló ń fẹ́ ẹyin iná eléèédú títí yóò fi pọ́n, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ fa èéfín láti mọ̀ bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́, kó tó pààrọ̀ ẹnu ṣíṣà náà fún oníbàárà. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti tábìlì dé tábìlì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gáàsì carbon monoxide tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì ń gba àyè afẹ́fẹ́ oxygen nínú ẹ̀jẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ láàárọ̀, ta ló máa sọ fún? Àlejò á ti padà sí Èkó. WHO ti sọ pé kò sí ìwọ̀n èéfín tábà kankan tí kò léwu fún ẹni tí kò mu ún, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé ṣíṣí àti fáànù kò lè kó o kúrò tán nínú yàrá. Ìdí gan-an nìyẹn tí òfin fi mẹ́nu ba ibi iṣẹ́. Ibi fàájì yín, ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn ni.

Sìgá oníbátìrì náà ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀: lọ́dún 2023, Ghana fi owó orí lé e nígbà tó ń fi kún ti sìgá. Ẹ má sì fọwọ́ kan igbó, tí wọ́n ń pè ní wee. Òfin ọdún 2020 sọ ọ́ di fáìnì dípò ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó ní ìwọ̀n kékeré tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ mu, àwọn kan sì ti ń tan ara wọn pé ó ti di ohun tí òfin gbà láyè. Rárá o. Ẹ̀ṣẹ̀ ló ṣì jẹ́, ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ sì ń dúró de ẹni tó bá ń tà á. Ìwé àṣẹ tí òfin mẹ́nu bà wà fún àgbẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tó ń lo èyí tí kì í pani bí ọtí. Kò kan arìnrìn-àjò.

Ẹni tó bá gba ojú títì lọ, kó rántí pé Togo ní òfin tábà tirẹ̀ láti òpin ọdún 2010, Benin sì sọ tirẹ̀ dọ̀tun lọ́dún 2017. Kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ béèrè bóyá òtẹ́ẹ̀lì náà ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀, torí ọ̀pọ̀ ni kò ní. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà kó pẹ́ láìfa sìgá lè bá dókítà tàbí olóògùn òyìnbó sọ̀rọ̀ kó tó gbéra, nípa ṣingọ́ọ̀mù tàbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tó ní nikotíìnì nínú, nítorí ìrìn ọkọ̀ láti Èkó dé Accra lè gba ọjọ́ kan gbáko, ìdúró ní ibodè sì pọ̀ lọ́nà náà.