Kí Ẹ Tó Ra Ilé Lẹ́yìn Odi Èkó, Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Àdúgbò Wò

 

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, lẹ́tà tí ń dé ọwọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ti ikọ́ àti ibà lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan kọ̀wé pé Èkó ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ọdún mọ́kànlá sì ni òun ti fi san owó ilé ní Múṣin. Ó ní òun ti tu owó díẹ̀ jọ, òun sì ti rí ilé méjì, ọ̀kan ní Mowe, èkejì ní Agbado. Ti Mowe ní yàrá mẹ́rin, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà ni. Ti Agbado kéré, ó sì ti gbó díẹ̀. Ó ní kí n sọ èyí tí ó dára jù fún ìlera ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun mẹ́ta.

Ìdáhùn mi ni pé n kò lè fi iye yàrá àti ọ̀dà dá a lẹ́jọ́. Ilé kì í dá dúró. Ẹni tí ó bá ra ilé, ó ra omi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ra afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ sí i, ó ra ṣáláńgá aládùúgbò, ó sì ra ọ̀nà tí yóò máa gbà lọ sí ibi iṣẹ́ fún ogún ọdún. Òrùlé tí ń jò ṣeé tún ṣe. Ilẹ̀kùn tí ó wọ́ ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí káfíńtà tí ó lè tún àdúgbò kàn. Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ àti ti ọmọ onílẹ̀, ẹ bá lọ́yà yín sọ ọ́. Ti ìlera ni tèmi.

IBI TÍ OMI Ń GBÀ

Àwọn tí ń ta ilé fẹ́ràn láti mú ènìyàn lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá lè ní sùúrù, ẹ má ṣe san owó títí ẹ ó fi rí ibẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá. Odò Ògùn ń ti òkè wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń wọ ọ̀sà Èkó. Láti ìgbà tí dáàmù Ọ̀yán ti wà, láti 1983, bí òjò bá pọ̀ tí dáàmù náà kún, wọ́n níláti tú omi sílẹ̀. Àwọn ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ó wà létí odò, bíi ti Ìṣẹrì, Warewa, Arepo, títí dé Àjẹ́gúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú, a sì máa jẹ nínú ìyà rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òpópónà wọn ni omi ń wọ̀ o. Ẹnì kan lè wà lórí òkè gbígbẹ, kí ojúlé kẹwàá sí tirẹ̀ wà nínú omi. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi orúkọ ìlú nìkan ra ilé.

Bí ẹ kò bá lè dúró de òjò, àmì wà. Ẹ wo ara ògiri ilé àwọn aládùúgbò bóyá ilà omi wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n to búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà wọn, bóyá àpò yanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Bí ẹ bá rí òjúoró tàbí ọ̀ṣíbàtà lórí ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́, omi ni ó ni ibẹ̀, yóò sì padà wá gbà á.

Omi tí ń wọlé kì í ṣe omi òjò nìkan. Ó ti gba inú ṣáláńgá kọjá kí ó tó dé inú kànga. Báyìí ni àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ṣe ń wọ ilé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn. Àìsàn náà lè gbẹ́mìí àgbàlagbà láàrin wákàtí díẹ̀ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀.

KÀNGA ÀTI ṢÁLÁŃGÁ

Ní ọ̀pọ̀ àwọn ìlú tuntun wọ̀nyí, omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ibẹ̀. Kànga ni olúkúlùkù ń gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìmọ̀ràn tí a ń tẹ̀lé ni pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá, tàbí sí kòtò tí omi ilé ìgbẹ́ ń wọ̀, tó ẹsẹ̀ bàtà 100, èyíinì ni mítà 30. Pílọ́ọ̀tì kan ní agbègbè wa sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Bí ẹ bá fi kànga sí iwájú pátápátá tí ẹ sì fi kòtò sí ẹ̀yìn pátápátá, agbára káká ni yóò fi tó. Bí ó bá jẹ́ ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì, 60 sí 60, kò lè tó láé, kódà bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti igun dé igun.

Èyí sì jẹ́ ti inú ọgbà yín nìkan. Aládùúgbò ọ̀tún ń kọ́? Ti òsì ń kọ́? Ẹni tí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kan ẹ̀yìn ilé yín ń kọ́? Ó lè jẹ́ pé fẹ́ǹsì nìkan ni ó wà láàrin kànga yín àti ṣáláńgá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kan ilẹ̀kùn wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ kí wọn, kí ẹ sì béèrè ibi tí tiwọn wà. Bí ilẹ̀ bá dagun, ẹ rí i pé ṣáláńgá kò sí lókè kànga.

Kí omi mọ́ lójú kò ní kí ó mọ́ nínú. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí omi tòrò, ṣùgbọ́n a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e láti pa kòkòrò àrùn. Ẹ gba ìgò ní ilé àyẹ̀wò, kí ẹ bu omi kànga ilé náà sí i, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín kí ẹ tó sanwó ilé. Owó àyẹ̀wò yìí kò tó nǹkan kan lára owó ilé.

Ẹ̀FỌN

Nínú gbogbo ibà tí ń mú ènìyàn ní àgbáyé, bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ ti Nàìjíríà wa. Ẹ̀fọn tí ń fà á fẹ́ràn omi tí ó dákẹ́ tí ó sì mọ́ ju omi gọ́tà dúdú lọ. Ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà tírélà, ìpìlẹ̀ ilé tí a gbẹ́ tí a sì pa tì, àwọn ni ilé rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin rẹ̀ ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Ìlú tuntun kún fún irú ibi bẹ́ẹ̀, nítorí ẹlòmíràn kọ́ ilé dé ojú fèrèsé, owó sì tán. Ẹ ka iye ilé tí a kò parí ní òpópónà náà. Kí ẹ sì lọ jókòó síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ara yín yóò sọ fún yín.

OHUN TÍ AFẸ́FẸ́ Ń GBÉ BỌ̀

Ẹ béèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn gbogbo fẹ́ǹsì gíga tí ó wà nítòsí. Ní 2025, ìròyìn jáde láti Ogijo, ní ẹ̀bá Ìkòròdú, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò wò, òjé wà nínú rẹ̀. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀nba rẹ̀ tí a lè sọ pé kò léwu. A kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Eruku ni, ó ń bà lé ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé. Ẹ lọ ní òru kí ẹ lè mọ̀ bóyá èéfín ń rú nígbà tí ojú kò rí i.

Bákan náà, ẹ yà fún ọ̀nà páìpù epo. Àwa tí a gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti jóná, kò yẹ kí a tún jiyàn lórí èyí.

Ọ̀NÀ ÀTI OORUN

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn kì í kà sí ọ̀rọ̀ ìlera, bẹ́ẹ̀ ó wà lára èyí tí ó tóbi jù. Ẹni tí ó bá jí ní aago mẹ́rin òru kí ó má bàa bá gosiloo pàdé, tí ó sì dé ilé ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ó tó jẹun tán kí ó sì sùn, aago mọ́kànlá ti lù. Wákàtí márùn-ún péré ni ó sùn. Àgbàlagbà níláti sùn tó wákàtí méje, ó kéré tán. Wákàtí méjì ni ó ń pàdánù lóru kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá láàrin ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò jìnnà sí i, ó sì lè tòògbé nídìí ọkọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í rí i àfi ọjọ́ Sunday.

Nítorí náà, ẹ dán ọ̀nà náà wò. Ẹ lọ sùn sí ìlú náà ní ọjọ́ Sunday, kí ẹ ti ibẹ̀ lọ ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ Monday, kí ẹ sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó ń wo Mowe, kí ó tún dán an wò ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò ń rọ́ lọ sí Redemption Camp. Ẹni tí ó ń wo Agbado ní àǹfààní kan. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kó èrò láti Agbado lọ sí Oyíǹgbò, ó sì ń gba Múṣin àti Yábàá kọjá. Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí kò wúlò bí ilé bá jìnnà sí tẹ́ṣàn, tàbí bí àkókò ọkọ̀ kò bá bá ti iṣẹ́ mu. Fún ọ̀gbẹ́ni tí ó kọ̀wé sí mi, bí ilé Agbado bá wà ní ibi tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé tẹ́ṣàn, tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí omi rẹ̀ sì yege, n kò ní fi yàrá mẹ́rin Mowe dí oorun rẹ̀.

ILÉ ÌWÒSÀN NÍ ÒRU

Bí gìrì bá mú ọmọ ní aago méjì òru, níbo ni ẹ ó gbé e lọ? Ará Mowe lè máa wo ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ṣágámù. Ará Agbado lè máa wo ti ìjọba ní Ìfàkò-Ìjàyè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wà ṣáájú ìyẹn. Ta ni ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ géètì òpópónà? Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹgbẹ́ onílé a máa ti géètì pa ní alẹ́ nítorí olè. Aboyún tí ó ń rọbí kò lè dúró kí a wá ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ẹ béèrè orúkọ ẹni náà àti ilé rẹ̀.

ẸNI TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ BI

Ẹ má ṣe bi ẹni tí ń ta ilé. Ẹ bi oníkẹ́mísì tí ó wà ní ìkóríta pé òògùn wo ni ó ń tà jù. Bí ó bá ní òògùn ibà àti ti ìgbẹ́ gbuuru, ó ti sọ̀rọ̀. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú aláboyún. Ẹ bi ẹni tí ń ta omi nínú kẹ̀kẹ́ ibi tí ó ti ń pọn ọ́n, àti ìdí tí àwọn ará òpópónà náà kò fi mu ti kànga wọn. Ẹ bi ayálégbé, nítorí onílé lè má fẹ́ kí ilé tirẹ̀ di ọ̀pọ̀.

BÍ A Ó ṢE DÁ A LẸ́JỌ́

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀, mẹ́ta ni owó yín kò lè tún ṣe: ilẹ̀ tí odò ń wọ̀, májèlé tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá, àti ọ̀nà tí ń jẹ oorun. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà níbẹ̀, ẹ fi ilé náà sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Àwọn yòókù ní àtúnṣe. A lè kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé, kí a sì sùn lábẹ́ àpò ẹ̀fọn olóògùn. A lè se omi kí a tó mu ún, a sì lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí ó jìn. A lè gba kọ́kọ́rọ́ géètì kejì. Ẹ ṣírò iye tí gbogbo rẹ̀ yóò ná yín, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú iye tí ẹ ó san fún ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tiyín, ẹ má ṣe bọkàn jẹ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé onílé. Bí gbogbo òpópónà bá para pọ̀ la gọ́tà, tí wọ́n sì dí kòtò ìpìlẹ̀ tí a pa tì, ẹ̀fọn yóò dín kù ní ilé gbogbo yín. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fọ tánkì omi. Títí di ìgbà náà, ilé yóò tura, àlàáfíà kò ní jìnnà sí wa o.