Subwoofer Kékeré Nínú Ọkọ̀: Ẹ Wo Wáyà Kí Ẹ Tó Gbọ́ Orin

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ àlòkù tí ń gba èbúté Kútọnù wọlé ni ó ṣì ní rédíò àti agbóhùnjáde tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fi sí wọn. Orin a máa dún ketekete níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wúwo tí a máa ń gbọ́ dé inú àyà kì í fẹ́ jáde. Etí ènìyàn lè gbọ́ ohùn tí ń gbọ̀n láti ìgbà 20 títí dé 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn tó nípọn jù lọ lára gìtá olóhùn wúwo ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41. Agbóhùnjáde kékeré ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò lè ti afẹ́fẹ́ tó láti gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa. Ẹni tó mọ ẹgbẹ́ onídùndún kò ní retí ohùn ìyáàlù láti inú gúdúgúdú.

Iṣẹ́ subwoofer nìyí. Oríṣi kékeré kan wà tí ó pẹlẹbẹ, tí ó ní ampilifáyà tirẹ̀ nínú, tí ó sì wọ abẹ́ ìjókòó. Kò di dandan kí a yọ rédíò ọkọ̀: púpọ̀ nínú wọn lè gba orin láti ara wáyà agbóhùnjáde tó ti wà níbẹ̀. Abẹ́ ìjókòó kò sì ba nǹkan jẹ́, nítorí ó nira fún etí láti mọ ibi tí ohùn wúwo ti ń wá. Kí a ṣáà dín in kù sí ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 80 sísàlẹ̀. Bí ó bá gòkè jù, olórin yóò dà bí ẹni tí ń kọrin láti abẹ́ ìdí ẹni.

Wáyà ni ewu wà. Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ fólítì 12. Àpótí tí ń gba wáàtì 150 yóò fa áńpíà 12 àti ààbọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kan a máa so ó mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti rédíò. Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Wáyà tó nípọn ni kó ti bátìrì wá tààrà, kí fíùsì sì wà lórí rẹ̀, kó má jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Bí ara wáyà bá bó níbi tó gbé ń gba inú irin kọjá, tó sì kan irin ọkọ̀, agbára bátìrì yóò dà síbẹ̀, wáyà yóò pọ́n bí ẹyin iná, ọkọ̀ lè jóná. Fíùsì tó wà lára àpótí nìkan kò lè dá èyí dúró. Ẹ má tijú: ẹ ní kí oníṣẹ́ ṣí iwájú mọ́tò, kó fi fíùsì hàn yín kí ẹ tó sanwó. Kó má sì fọwọ́ kan wáyà ẹlẹ́nu àwọ̀ ìyeyè lábẹ́ ìjókòó. Ti àpò afẹ́fẹ́ tí í wú jáde nígbà ìjàǹbá ni.

Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, kí a pa orin náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bátìrì yóò kú. Ní ti etí, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi désíbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òpin. Awakọ̀ takisí tí ń jáde ní ìdájí, tí ń wọlé lálẹ́, a máa kọjá wákàtí náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.