Àrokò tí Kòkòrò Onígbáméjì ń Lò Nígbà Ọ̀wọ́n

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni mo bá ìyá ọmọ kan ní àdúgbò wa ní Tanke, ní Ìlọrin, tí ó ń bu omi kànga fún ọmọ rẹ̀ mu. Mo ní, “Ìyàwó, sè é ná.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, kí ni kòkòrò yóò rí jẹ nínú omi tí ó mọ́ báyìí? Ebi á ti pa á kú.”

N kò bá a wí, nítorí èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Nínú kòkòrò kọ̀ọ̀kan ni ìwé àṣẹ kan wà tí gbogbo ìṣe rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣe nǹkan, yóò da apá kan ìwé náà kọ bí lẹ́tà, yóò fi rán àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Lẹ́tà yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní RNA. Ṣùgbọ́n RNA mìíràn wà tí ó kúrú, tí kì í ṣe lẹ́tà rárá. Àrokò ni èmi pè é.

Ẹ wo irin, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Kòkòrò kò lè ṣe aláìní in, ara wa sì ń fi í pamọ́ fún un. Bí irin bá ti wọ́n, kòkòrò a rán àrokò jáde. Àrokò a lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tí ó ní kí a fi irin ṣe iṣẹ́ tí ó lè dúró di ọ̀la. Òun àti lẹ́tà a sì jọ bàjẹ́ pọ̀. Ìwọ̀nba irin tí ó kù a wá di ti iṣẹ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ìyàwó ilé wo ni kò mọ ọgbọ́n yìí? Bí owó kò bá tó, aṣọ ọdún a dúró, gàrí a wọlé.

Eric Massé àti Susan Gottesman ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ àrokò yìí, RyhB, ní ọdún 2002, nínú kòkòrò ìfun tí ń jẹ́ E. coli. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé kòkòrò onígbáméjì ní tirẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ kò mọ síbẹ̀, ó ní àwọn mìíràn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún títí dé òpin oṣù kẹfà ọdún 2017, ènìyàn 1,558 ni a fura sí pé onígbáméjì mú ní Ìpínlẹ̀ Kwara, 11 kú. Ó dé Gúúsù Ìlọrin, níbi tí Tanke wà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán, kí ẹ sì dé e. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí, tí a nù lórí kí ó tẹ́jú, mọ́ líta omi mímọ́ 1. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá náà gbọ́, ó ní gáàsì ti wọ́n. Òótọ́ ni. Mo ní kí ó kọ́kọ́ se ti ọmọ. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó ti gbé omi kaná.