Ohun tí Ariwo Ń Sọ Nípa Ìṣàn Iná

Tí iná tó ń gba inú wáyà bá tó áńpìà kan péré, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ju bílíọ̀nù mẹ́fà lọ, ní ìlọ́po bílíọ̀nù kan. Síbẹ̀ ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń wá, iye tó kọjá báyìí kì í sì í bá iye tó tẹ̀lé e mu rẹ́gí. Àìdọ́gba kékeré yìí ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní ariwo.

Walter Schottky, ará Jámánì, ṣírò rẹ̀ ní 1918 fún túùbù tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Nínú túùbù yẹn, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kì í dúró de èkejì, bí ẹ̀kán òjò ṣe ń já lu páànù. Bí ẹ̀kán bá ṣe tóbi tó ni ariwo ṣe ń tó. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn ìṣàn, tó sì wọn ariwo, ti mọ ìwọ̀n iná tí ẹyọ kan gbé.

Ní 1988, àwọn onímọ̀ ní Netherlands àti ní Cambridge la ọ̀nà tóóró kan sínú gallium arsenide. Wọ́n mú un tutù gan-an. Bí wọ́n ṣe ń fẹ ọ̀nà náà, ìpele ìpele ni ìṣàn ń gòkè. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá dé ẹnu irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè kọjá, ó sì lè padà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tí yóò ṣe. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ kíún ló ń kọjá, ariwo á rí bíi ti Schottky. Tó bá jẹ́ ìdajì, ariwo á jẹ́ ìdajì ohun tí Schottky sọ. Tí gbogbo wọn bá ń kọjá, ariwo á pòórá.

Ibí yìí ló wù mí jù. Ṣebí ẹyọ ẹyọ náà ni wọ́n ṣì ń wá? Òfin tí Wolfgang Pauli gbé kalẹ̀ ní 1925 ló fà á: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì kò lè wà ní ipò kan náà. Wọn kò lè ṣù jọ, wọn kò sì lè fi àlàfo sílẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Agbára bátìrì ló ń pinnu iye tó ń dé ẹnu ọ̀nà, iye náà kì í sì í yẹ̀. Ìdápadà ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń da ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn rú. Gordey Lesovik ṣírò èyí ní 1989. Ní 1995, wọ́n wọ̀n ọ́n ní ilé ìwádìí Weizmann, ní Israel, wọ́n sì rí i pé ariwo ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́ bí ọ̀nà ṣe ń ṣí.

Ariwo tún lè sọ bí ohun tó ń gbé iná ṣe kéré tó. Onímọ̀ físíìsì Robert Laughlin ti sọ ní 1983 pé bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá há sínú ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ mágnẹ́ẹ̀tì alágbára, ohun tó ń gbé iná níbẹ̀ lè kéré sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù odidi. Ní 1997, ní Weizmann àti ní Saclay ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n wọn ìṣàn nínú irú ìpele bẹ́ẹ̀, wọ́n wọn ariwo, wọ́n sì fi ìṣirò Schottky wá ìwọ̀n ẹyọ kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta iná ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni wọ́n bá níbẹ̀.