Ẹ̀wà Sóyà àti Ẹ̀pà Nínú Oúnjẹ Adìẹ Tí Ń Yé

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sin adìẹ nítorí ẹyin mọ̀ pé ẹja gbígbẹ tí a ń lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn a máa náni lówó púpọ̀. Nígbà tí owó bá sì há, àgbàdo nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà fún wọn. Kò pẹ́ tí ẹyin yóò fi dínkù, tí olówó adìẹ yóò sì máa bú wọn. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti adìẹ. Èròjà amúaradàgbà tí ó wà nínú ẹyin kan tó giráàmù 6, ohun tí adìẹ kò sì jẹ, kò lè fi yé. Nínú ìwọ̀n oúnjẹ 100, ó yẹ kí èròjà yìí tó nǹkan bí 16; ti àgbàdo kò ju nǹkan bí 9 lọ.

Ti ẹ̀wà sóyà tó nǹkan bí 36. Bí a bá fi òṣùwọ̀n wọn àgbàdo ìwọ̀n 3 pọ̀ mọ́ sóyà ìwọ̀n 1, a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 16 náà gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún wọn ní sóyà tí a kò yan. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà, iná ni ó sì ń pa á. Ẹ yan án nínú ìkòkò, kí ẹ máa rò ó títí òórùn ẹ̀wà tútù yóò fi lọ, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó jóná, nítorí èyí tí ó jóná ti sọ ọ̀pọ̀ nínú agbára rẹ̀ nù.

Ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀ jáde tilẹ̀ lọ́rọ̀ ju sóyà lọ. Ewu tirẹ̀ ni pé a máa bu. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ẹ̀pà lílọ̀ láti Bràsíìlì tí ó ti bu ni ó wà nínú oúnjẹ wọn, májèlé inú rẹ̀, tí a ń pè ní aflatoxin, sì ti ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Iná tí ń tún sóyà ṣe kò lè tún èyí ṣe: bí a yan án, bí a sè é, májèlé ṣì ń bẹ níbẹ̀. Àwọn kan a máa wí pé, “Adìẹ ṣá ni yóò jẹ ẹ́.” Ẹ má ṣe gbọ́ tiwọn. Kí ẹ tó rà á, ẹ fọ́ ọ wò nínú, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e délé, orí pákó ni kí ẹ tò ó sí, kì í ṣe orí ilẹ̀ tútù.

Ẹ má sì yọ ẹja kúrò pátápátá. Apá kan wà nínú èròjà náà tí kò pọ̀ tó nínú sóyà àti ẹ̀pà. Ẹja díẹ̀, tàbí yànmọ̀tí lílọ̀, yóò dí i. Ní ti èèpo ẹyin, ẹ gún ìkarahun ìgbín, kí ẹ dà á sínú àwo ọ̀tọ̀. Èyí tí ń yé nínú wọn yóò ṣà á jẹ níwọ̀n tí ó tó o.